Télọ̀ Mùsáfírù àti Ọmọ Tí Ó Kúnlẹ̀ Kí Aṣọ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ojú ní Ìbàfò ní ọdún 1988, ọ̀dọ̀ Mùsáfírù télọ̀ ni kí ó lọ. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ nìyẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ti ń na abẹ́rẹ́ jìnnà sí ara kí wọ́n tó rí ihò rẹ̀, àwọn mìíràn ti ń bẹ ọmọ wọn kí ó bá wọn ti òwú bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Mùsáfírù yóò gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ imú, yóò fi itọ́ pa orí òwú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òwú ti wọlé. Á wá wo ojú gbogbo ẹni tí ó jókòó tì í, bí ẹni pé òun ni ó fún ara rẹ̀ lójú. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ. TÉLỌ̀ ÌWÓ.

Ìwó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni ó lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dán. Ìwà ni wọ́n ní kò ní. Ọ̀gá rẹ̀ a máa ráhùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ yìí a máa kọjá lára òun ní títì bí ẹni kọjá lára ògiri, kò ní dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ ní ya ẹnu. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe fúrídọ̀mù fún un, ọ̀gá náà àti àwọn àlejò rẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, Mùsáfírù ń bọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì kọjá lọ ràì. Ọ̀gá ní òun kò ní fi ẹnu òun ṣàdúrà fún agbéraga láéláé. Bí Mùsáfírù ṣe kúrò ní Ìwó láìgba ìwé, láìgba àdúrà nìyẹn. Títí di àkókò tí à ń sọ yìí, ó gbà pé ìlara ni. Ó ní ọ̀gá òun rí i pé ọwọ́ òun fẹ́ dán ju tirẹ̀ lọ ni.

Ẹ dákun, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. A ó dá a lẹ́bi tó bá yá.

Ó fi bí ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ káàkiri kí ó tó dé Ìbàfò nígbà tí títì márosẹ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun, ó gba yàrá kan nílé Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́, ọmọ bíbí ìlú náà, arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kì í gbàgbé ìkíni tí a kò kí i. Ó ra máṣíìnì kan, ó ra ìkejì. Ó ń rán sàfárì fún àwọn tí ń lọ síṣẹ́ ní Èkó, ó ń rán aṣọ funfun fún àwọn tí ń lọ sí Kámpù àdúrà. Ó fẹ́ Sàúdátù, wọ́n bí Fàsílátù, ọmọ náà sì jọ ọ́ títí dé èékánná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ní ọdún tí à ń wí yìí, òun náà a máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ojú mi ló gbé wá sáyé," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Fàsílátù, jáde síbí! Ọmọ ẹ è kí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mo jókòó sídìí kànga, ó kọjá lọ. Mo pè é, ó yíjú, ó wá fún ojú pọ̀ mọ́ mi báyìí, bí ẹni tó rí ẹ̀gbin."

Arúgbó náà sì fún ojú tirẹ̀ kí ó lè fi hàn án. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tí kò kúnlẹ̀ kí àgbà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó tún fún ojú mọ́ àgbà ti kọjá ẹ̀ṣẹ̀, ó ti di àfojúdi. Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ onílé. Lẹ́yìn náà ni ó mú igi tí ó fi ń wọn aṣọ, ó pe Fàsílátù.

"Ta ló kọ́ ẹ ní àfojúdi?"

"Bàbá, mi ò rí wọn ni."

"O ò rí wọn! Ìwọ tí o bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí! Ìyá tó tóbi tó báyìí lo ò rí!"

Ó nà án ní ojúgun nítorí àfojúdi. Ó tún nà án nítorí irọ́. Ó sì mú un lọ síwájú Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́, ó ní kí ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi máa kúrò lórí òrùlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni àwọn dókítà ojú kan dé iléèwé. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ni wọ́n, wọ́n ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn láti Mowe dé Ifọ̀, wọ́n ń yẹ ojú àwọn ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú le nígbà náà, owó awò ojú kan lè tó owó oúnjẹ oṣù kan nílé òṣìṣẹ́. Fàsílátù mú páálí kan bọ̀ wálé, páálí aláwọ̀ búlúù tí ó le dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó wá gba sàfárì rẹ̀ ni ó gbà á, tí ó kà á sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́:

"Ìtọ́jú ojú lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ aláìní. Fàsílátù Mùsáfírù. Ọmọ yìí kò ríran jìnnà, nọ́ńbà ojú ọ̀tún àti ti òsì wà nísàlẹ̀. Kí òbí rẹ̀ mú un wá sí Ifọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Ọjọ́ náà nìkan ni a ó pín awò ojú."

"Ọmọ kí ni?" ni Mùsáfírù béèrè.

"Aláìní, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ni aláìní níbí? Máṣíìnì méjì ni mo ní! Ta ni wọ́n sì ń pè lọ́mọ afọ́jú?" Ó yọ abẹ́rẹ́ tí ó kéré jù nínú agolo, ó já òwú dúdú, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Fàsílátù, bọ̀ ọ́."

Fàsílátù gbé e sún mọ́ imú, òwú sì wọlé. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ rí i? Ẹni tí wọ́n ní kò ríran nìyẹn o!"

Sàúdátù, tí ó ń wọn kẹrosíìnì lẹ́bàá ọ̀nà, wọlé wá. "Bàbá Fàsílátù, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ dé ibẹ̀ ná. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ aláìní," ni ó dá a lóhùn. Ó wá wo páálí náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó le ju páálí bàtà lọ, kò sì nípọn jù. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sí i, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e kí ó lè máa fi ṣe ìwọ̀n. Oníbàárà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Fàsílátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo sísọ́ọ̀sì bí ó ti ń yí po.

Páálí kọ́là náà dára. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ó fi gé kí ọjọ́ kẹrìndínlógún tó pé.

Ọjọ́ náà, Ọjọ́rú, ó jí tètè, ó fẹ́ parí aṣọ Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́. Ó ti rán bùbá àti ìró náà tán, ó fi wọ́n kọ́ orí òpó igi kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi gèlè lé orí igi náà kí gbogbo rẹ̀ lè gba atẹ́gùn. Ó wọlé, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò ẹnìkan. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ níta.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó rò pé onílé ti wá gba aṣọ rẹ̀. Ó dúró kí ó gbọ́ ìdáhùn, kò gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí, mà?"

Kò sí ìdáhùn. Mùsáfírù jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Fàsílátù ni ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, kèrègbè omi lórí rẹ̀, ó dojú kọ aṣọ tí ó wà lórí igi. Atẹ́gùn fẹ́, apá bùbá náà mì. Ọmọ náà fi ọwọ́ di kèrègbè mú, ó tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ó wí, "ẹ má fi ẹjọ́ mi sùn. Mo ti kí yín."

Mùsáfírù dúró. Ó pè é.

"Fàsílátù, ta lò ń kí?"

"Ìyá Onílé ni, Bàbá."

Ọmọ náà dìde, ó sún mọ́ aṣọ náà, ó tún sún mọ́ ọn, títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan aṣọ. Ìgbà náà ni ó rí i. Kò rẹ́rìn-ín, bí ọmọ mìíràn ìbá ti rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni ó gbé omi sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojúgun rẹ̀. "Bàbá, ẹ má nà mí. Mi ò mọ̀ pé aṣọ ni."

Òórùn aṣọ tí ń jó ti gba inú ṣọ́ọ̀bù kan. Áyọ́ọ̀nù ti lu ṣòkòtò oníbàárà ní ihò. Mùsáfírù kò yíjú síbẹ̀. Ojú ń tì í, ó ń tì í débi pé kò lè wo ọmọ tí kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà, mi ò rí wọn ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ sọ, òun sì fi igi dá a lóhùn. Ó fẹ́ sọ pé kí ó má bínú, ṣùgbọ́n kò mọ bí baba ti ń bẹ ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó gbé kèrègbè omi náà, ó bá a gbé e wọlé.

Gbogbo ọ̀sán ni òun àti Sàúdátù fi wá páálí náà. Wọ́n rí kọ́là lórí ìṣó, pẹ̀lú orúkọ ọmọ lára rẹ̀ àti nọ́ńbà ojú òsì. Èyí tí ó kù ti bá pàǹtí lọ, wọ́n ti fi dáná. Sàúdátù gbọn eruku kọ́là náà, ó gbé e fún un. Mùsáfírù ìbá fẹ́ kí ó bú òun.

Ìdájí ni Mùsáfírù àti Fàsílátù ti jáde nílé ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ dé Ọjọ́dù, wọ́n wọ òmíràn dé Agége, òmíràn dé Sàngó, kí wọ́n tó rí èyí tí ó gbé wọn dé Ifọ̀. Fàsílátù wọ aṣọ iléèwé. Aṣọ Ìléyá rẹ̀ ni Mùsáfírù wọ̀, kí wọ́n má baà rò pé aláìní ni. Láti Agége ni ó ti ń to irọ́ kan jọ: eku ni yóò sọ pé ó jẹ páálí náà.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni àwọn dókítà náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kún ibẹ̀, ìyá kún ibẹ̀, ọkùnrin kan sì ń fi ẹ̀rọ pariwo: "Àwọn ọmọ aláìní, ìlà tiyín rèé! Ẹ tò dáadáa!" Mùsáfírù tò sí ìlà náà pẹ̀lú aṣọ Ìléyá lọ́rùn. Nígbà tí ó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Tòún na ọwọ́ síta.

"Ìwé ọmọ dà, Bàbá?"

Ó yọ ọ́ nínú àpò. Nọ́ọ̀sì Tòún yí i sókè, ó yí i sílẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìwé náà ni."

"Èmi rí i bíi kọ́là o."

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Irọ́ eku ti wà lórí ahọ́n Mùsáfírù, ó ti ya ẹnu, ṣùgbọ́n Fàsílátù wà níbẹ̀, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ọmọ tí òun nà nítorí irọ́ tí kò pa, iwájú rẹ̀ ha ni òun yóò ti wá pa irọ́?

"Èmi ni mo gé e," ni ó wí. "Télọ̀ ni mí. Mo fi gé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì."

Nọ́ọ̀sì Tòún wò ó láti òkè délẹ̀. Kò pariwo.

"Bàbá, ojú ọmọ yín lẹ fi gé kọ́là yẹn."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Nọ́ọ̀sì náà ní nọ́ńbà ojú ọ̀tún ti lọ, ó di dandan kí dókítà tún un yẹ̀ wò, ó sì di ìgbà tí àwọn tí ìwé wọn pé bá gba tiwọn tán. Ó tọ́ka sí àpótí kan. Inú rẹ̀ ni gbogbo gíláàsì wà, bí èyí tí ó bá ọmọ yìí mu bá ṣẹ́ kù, ó bá oríire. Bí kò bá sì ṣẹ́ kù, wọn kò ní padà wá.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n tí ó sì rọ̀. Bí ọmọ kan bá ti jáde pẹ̀lú gíláàsì lójú, Mùsáfírù a máa rò ó pé tiwa ni ó gbé lọ yẹn. Ó ń wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni wo olè, ojú a sì tún tì í. Fàsílátù sùn lé e léjìká. Ilà igi náà ṣì hàn ní ojúgun rẹ̀, ó ti fẹ́ parẹ́. Mùsáfírù fi etí aṣọ Ìléyá bò ó.

Ó ti tó àkókò ìrun àsárì kí wọ́n tó pè wọ́n. Dókítà fi awò oríṣiríṣi sí ojú ọmọ náà, ó ń yọ wọ́n, ó ń pààrọ̀ wọn. Ó kọ nǹkan, ó lọ sídìí àpótí, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù tí ó bá a mu, gíláàsì àgbàlagbà, férémù rẹ̀ nípọn, ó tóbi débi pé bí Fàsílátù ti tẹ orí ba ni ó já bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Yóò máa fi ọwọ́ dì í mú," ni Nọ́ọ̀sì Tòún wí.

Mùsáfírù ṣí fìlà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò nínú etí fìlà rẹ̀, rọ́bà ìdí ṣòkòtò kì í sì tán nínú àpò rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ imú, òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rán rọ́bà mọ́ apá gíláàsì náà lọ́tùn-ún lósì, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kọjá orí, ó dúró digbí.

Dókítà ní kí Fàsílátù ka ohun tí ó wà lára ògiri ní ìkángun gbọ̀ngàn. Ọmọ náà kà á láti òkè délẹ̀, kò fún ojú rárá. Mùsáfírù wo ògiri náà, ìwé funfun ni ó rí, kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó rò pé ọmọ náà ti há a sórí ni.

Nọ́ọ̀sì Tòún dá ọmọ dúró kí ó lè kọ́ ọ bí wọ́n ti ń nu awò náà. Mùsáfírù jáde lọ sétí títì láti wá ọkọ̀ Sàngó. Bí ó ti dúró níbẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ kan tí ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì iléèwé, ọmọ kékeré kan nínú aṣọ iléèwé, bíi ti gbogbo àwọn yòókù. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ rèé," ni ó wí nínú ara rẹ̀, ó sì yíjú padà sí títì. Ọkọ̀ kan kọjá, ó ti kún. Nígbà tí ó tún bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Inú bí Mùsáfírù sí àgbà yòówù tí ọmọ náà ń kí. Irú àgbà wo ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ báyẹn láìdá a lóhùn?

Ọmọ náà dìde, ó ń bọ̀. Ó di ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí Mùsáfírù tó rí gíláàsì, kí ó tó rí rọ́bà tí òun fúnra rẹ̀ rán.

"Bàbá," ni Fàsílátù wí, "mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹnu géètì. Mo rí yín láti ọ̀hún. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni?"

Ohun tí ó wá sí Mùsáfírù lọ́kàn ni ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Ìwó, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àti àwọn ọkùnrin tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí òun rí bí ẹ̀gbọ̀n òwú funfun kan lásán, tí òun sì kọjá lára wọn. Ogún ọdún ni òun fi pe ọ̀gá òun ní onílara. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ojú sára ògiri. Ó ti na ọmọ nítorí ojú tí òun fi bí i.

Eruku pupa wà ní orúnkún Fàsílátù méjèèjì. Èyí ni ó rí dáadáa, nítorí ó wà nítòsí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tí ń dúró de ọkọ̀, ó ń fi etí aṣọ Ìléyá nu eruku náà kúrò.

"Mi ò bínú, Fàsílátù," ni ó wí, kò sì gbé orí sókè. "Mi ò rí ẹ ni."